Ilé Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Òórùn Ẹnikẹ́ni

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá dúró nínú ilé tí a fẹ́ tà, àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn débi pé mo ń nù ún mọ́ ṣòkòtò mi ṣáá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ni, n kò tíì rí iṣẹ́ tí mo kọ́ ṣe. Aunty Fọlákẹ́, tó ń bá àwọn èèyàn ta ilé ní ìhà Conyers ní Amẹ́ríkà, ló ní kí n wá máa ran òun lọ́wọ́. Èmi ni ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, tí ẹ̀rù tún máa ń bà tí ẹnikẹ́ni kò bá kàn án.

Ìlú kékeré kan ni ilé náà wà, ní ìlà oòrùn Atlanta. Òkúta ni wọ́n ń wa nínú ilẹ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀ ti kún fún omi, wọ́n sì ti kọ́ ilé tuntun yí wọn ká fún àwọn tí apá wọn kò ká ilé Snellville tó gbówó lórí.

Iṣẹ́ mi ni láti múra ilé sílẹ̀ kí àwọn olùrà tó dé. Ó ju ilé gbígbá lọ. A máa ń ká fọ́tò kúrò lára ògiri, a ó fi ọ̀dà funfun bo ojú ìṣó, a ó sì fi ọtí kíkan fọ ilé ìdáná, pàápàá ilé àwa ọmọ Nàìjíríà, torí òórùn edé àti irú kì í tètè kúrò lára ògiri. Lẹ́yìn náà a ó se sínámọ́nì lórí iná kí ilé lè máa ta sánsán. Aunty máa ń sọ pé ẹni tó fẹ́ ra ilé, ara rẹ̀ ló fẹ́ rí níbẹ̀, kì í ṣe ẹlòmíì. Aunty yìí kan náà ló máa ń jẹ ẹja díndín nínú ọkọ̀ tí a bá ń ti ilé kan lọ sí òmíràn.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Délé ló ni ilé yìí. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á lórí òpópónà I-20 nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ nìkan ló wá sí ọ́fíìsì wa. Ó ní níbi tí àwọn ti wá, òbí kì í lọ síbi ìsìnkú ọmọ, wọn kì í sì í fi sàréè rẹ̀ hàn án. Àwọn ẹ̀gbọ́n Délé ló sin ín. Lójú bàbá náà, ilé tí ọmọ fi sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí sàréè. Òun kò ní wọ ibẹ̀, ìyàwó òun kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tí nǹkan ń jó lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n Délé kó aṣọ àti fọ́tò, wọ́n fi ilé ìdáná sílẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ Sátidé ni a ṣí ilé náà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan ń wọn pálọ̀ nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan wọlé. Ó sọ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì pé òun ń wá ilé. Mo gbọ́ ohùn Yorùbá nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ma."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo ń tà á? O mà kéré o. Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun, irọ́ sì ni. Mo mú un káàkiri, mo ń ka gbogbo ohun tí Aunty kọ́ mi. Kò wo ibi tí mo ń nawọ́ sí. Ó ń fọwọ́ kan ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó ń fọwọ́ kan irin àtẹ̀gùn, ó ń fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń tan iná. Mo rò pé eruku ló ń wá, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Nígbà tí a dé ilé ìdáná, ó dúró, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kò ní òórùn ẹnikẹ́ni."

"A fọ̀ ọ́ dáadáa, Ma," ni mo fi ìyangàn sọ.

"Mo rí i." Ó ṣí firísà, ó sì wo inú rẹ̀ títí. "Àwọn ike tó wà níbí ńkọ́? Ike áìsìkiriìmù. Ọbẹ̀ ló wà nínú wọn."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìyá Délé ni. Ẹ̀rù bà mí nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, ojú tì mí nítorí ìyangàn mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. N kò lè sọ èyí tó ṣáájú nínú mẹ́ta. Ó yẹ kí n pe Aunty. N kò pè é.

Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, ó kọjú sí firísà náà. Ó ní òun kò fẹ́ kí Délé ra ilé yìí. Òun bi í pé kí ló fẹ́ wá ṣe láàárín kòtò òkúta, òun sì búra pé òun kò ní tẹ ibẹ̀ àfi tó bá gbé ìyàwó wọlé. Bí Délé náà ṣe bínú nìyẹn, tí kò wá sílé mọ́. Òun wá ń se ọbẹ̀, òun ń fi í rán bàbá rẹ̀ sí i pé kó kó o sínú firísà. Délé kò pè kó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí.

"N kò mọ̀ bóyá ó jẹ ẹ́, ọmọ mi. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó ta ilé yìí."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo lọ sí gáràjì ilé náà, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, mo gbé àwọn ike náà wá. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo ti bá wọn nígbà tí mo wá palẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti ṣófo, Délé ti fọ̀ wọ́n, ó ti dé wọn, ó sì ti di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan bí ẹni tó fẹ́ gbé wọn jáde. N kò dà wọ́n nù, torí ìyá tèmi náà máa ń béèrè ike rẹ̀.

"Ó jẹ ẹ́ tán, Ma. Ó fẹ́ gbé wọn wá fún yín."

Ó ṣí ọ̀kan. Epo ti pa á láró, ọṣẹ kò sì lè mú ata kúrò lára ike. Ó gbé e sí imú.

"Láti kékeré, kò dá ike padà rí," ó ní. "Jíjẹ ló mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Ó sunkún láìpariwo, kí àwọn olùrà má baà gbọ́. Èmi di ìdérí ike náà mú, torí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè dì mú.

Ìyàwó inú tọkọtaya yẹn yọjú, ó béèrè bóyá firísà wà lára ohun tí a ń tà mọ́ ilé. Kí n tó lahùn, ìyá Délé ti nu ojú. Ó sọ fún un pé ó wà lára rẹ̀, pé ó sì máa ń dì dáadáa.

Mo sìn ín dé òpópónà. Ọkọ̀ kan dúró níbẹ̀, bàbá Délé ló jókòó sídìí ọkọ̀. Iwájú ló ń wò, kò yíjú sí ilé náà rárá. Ó ṣí búùtù ọkọ̀ láti inú. Ìyá Délé kò kó àwọn ike náà síbẹ̀. Orí itan ló gbé wọn lé.

Tọkọtaya yẹn ló ra ilé náà. Mo ti gba ìwé àṣẹ títa ilé tèmi báyìí, mo ṣì ń se sínámọ́nì. Ṣùgbọ́n kí n tó fọ ohunkóhun, mo máa ń pe ẹbí onílé láti béèrè ẹni tó ni àwọn ike. Aunty ní mò ń fi àkókò ṣòfò. N kì í bá a jiyàn. Mo máa ń dúró kí wọ́n gbé fóònù.