Àǹtí Téèpù àti Àwọn Oníbíríkì

Ọjọ́ tí Àǹtí Téèpù gba káàdì pupa, kò wọ jẹ́sì, kò wọ bàtà bọ́ọ̀lù, kò sì sí lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́wọ́. Láti ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ló ti sáré wá sí pápá lọ́sàn-án Sátidé náà, tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, bí ẹni tí wọ́n ké sí nídìí máṣíìnì pé ilé ń jó.

Àwọn Oníbíríkì ni ẹgbẹ́ tirẹ̀, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń sun bíríkì lẹ́yìn ìlú. Ìdí ààrò ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ ti máa ń wá, eruku pupa á ṣì wà nínú irun wọn. Lọ́jọ́ yẹn, bí wọn ò bá borí, wọ́n á já sí ìsọ̀rí kejì. Ọ̀mì kò lè gbà wọ́n. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí eré parí, rẹfirí fún wọn ní fíríkíìkì nítòsí ilé àwọn alátakò. Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì, akọni wọn, gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Àwọn alátakò to ara wọn bí ògiri síwájú rẹ̀, wọ́n sì sún mọ́ ọn débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Òfin ní yáàdì mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ wà láàárín. Rẹfirí wo ògiri náà, ó ní ó ti tó. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọbìnrin kan ti fo irin tó yí pápá ká, ó ti kúnlẹ̀ sórí koríko, ó ń tẹ́ téèpù.

"Kí lò ń ṣe níbí?" Rẹfirí bi í.

"Mò ń wọ̀n ọ́n, sà."

"Ta ló rán ẹ?"

"Ojú mi ni, sà. Ọgọ́ta íǹṣì ni téèpù yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà rẹ̀ ni yáàdì mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin àtààbọ̀ ni mo tẹ́ ẹ, mo ti kan bàtà ọ̀gbẹ́ni yìí." Ó dìde, ó gbọn eékún rẹ̀. "Bí aránṣọ bá jí yáàdì méjì àtààbọ̀ nínú aṣọ oníbàárà, olè là ń pè é. Kí là ń pe rẹfirí?"

Pápá ru gùdù. Rẹfirí fa káàdì pupa yọ, ó nà án sí i lójú. Àmọ́ gbogbo ayé ti rí iye tí téèpù wọ̀n. Ìtìjú ò jẹ́ kó lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ló bá yíjú sí ògiri náà, ó tì wọ́n sẹ́yìn. Onígéètì di apá ọmọbìnrin náà mú, ó ń fà á lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ìta ni ariwo sọ nínú pápá. Àwọn méjèèjì ò rí góòlù ọ̀hún. Ọmọbìnrin náà yíjú padà, ó dì mọ́ onígéètì tó ń lé e jáde, onígéètì náà sì gbé e fò sókè. Títí ó fi darúgbó, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì ló gba Àwọn Oníbíríkì là, á ní, "Òótọ́ ni. Òun ló rán an. Àmọ́ ta ló gé e?"

Ibẹ̀ ló ti di Àǹtí Téèpù. Ṣùgbọ́n orí kunkun rẹ̀ ti wà ṣáájú orúkọ. Bàbá rẹ̀, káfíńtà tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè ju ayùn rẹ̀ lọ, ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé pápá kì í ṣe ibi ọmọbìnrin. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò wọ̀ ọ́ létí, bàbá kó bàtà rẹ̀ sínú àpótí irinṣẹ́ lọ́sàn-án Sátidé kan, ó fi àgádágodo tì í, ó sì lọ sùn. Ọmọ jókòó, ó wo àpótí, ó wo ẹnu ọ̀nà. Bàtà bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ki àjákù aṣọ sí i nímú, ó wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀, ó ń wọ́ ọ lọ.

Ní pápá, ará ilé kejì wọn rí i. "Bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé wọn ò ní wá wo eré ni?"

"Wọn ò lè wá, sà," ló fèsì. "Wọn ò ní bàtà."

Nígbà tó délé, bàbá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ lásán. Ó wo bàtà tó kún fún eruku, ó wo ọmọ tó wà nínú rẹ̀.

"Bàtà mi lo wọ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Bàbá fi ọwọ́ họ àgbọ̀n. "Ta ló wá borí?"

Láti ọjọ́ náà, kò ti bàtà ọmọ mọ́. Tirẹ̀ ló ń tì.

Lẹ́yìn Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì, ẹni tí Àǹtí Téèpù tún fẹ́ràn jù ni aṣọ́lé wọn, Ọwọ́-Àtè. Wọ́n ní bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ọwọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn, bí ẹyẹ ṣe ń lẹ̀ mọ́ àtè ọdẹ. Ó wá di ọjọ́ kan tí Àwọn Oníbáńkì, ẹgbẹ́ olówó tó ń wọ búlúù, rọ̀jò góòlù mẹ́fà lé e lórí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyàwó máníjà báńkì wọ ṣọ́ọ̀bù wá dán aṣọ búlúù rẹ̀ wò, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dúró jẹ́ẹ́.

"Ọwọ́-Àtè yín ńkọ́? Àbí àtè ti gbẹ?"

Ọ̀gá Àǹtí Téèpù ń ṣẹ́jú sí i pé kó fara balẹ̀. Ọmọbìnrin náà yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Àtè ò gbẹ, mà," ló sọ. "Ẹyẹ ló pọ̀ jù."

Àmọ́ inú rẹ̀ ò tíì rọ̀. Ó gé ọ̀já kékeré kan lára aṣọ pupa, ó rán an sáàárín ìpele méjì kọ́là aṣọ búlúù náà, níbi tí ojú ò lè dé, ó sì rán an dáadáa débi pé ìyàwó máníjà yìn ín. Odindi ọdún mẹ́rin ni obìnrin náà fi wọ aṣọ ọ̀hún lọ kígbe fún Àwọn Oníbáńkì, tí àwọ̀ Àwọn Oníbíríkì sì dì í lọ́rùn mú.

Ọdún tó tẹ̀lé ti góòlù mẹ́fà yẹn ni Àwọn Oníbáńkì mú Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì lọ. Àwọn èèyàn fa àwòrán rẹ̀ ya lára ògiri. Àǹtí Téèpù sunkún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, akọni náà fúnra rẹ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ṣòkòtò tuntun tó gùn jù dání, kí wọ́n bá òun ké e kúrú. Nígbà tó padà wá gbà á, ó wọ̀ ọ́ wò. Òsì dúró déédéé lórí bàtà. Ọ̀tún ń gbálẹ̀.

"Ọ̀tún ńkọ́, àbúrò?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí, sà. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni mo mọ̀ lára yín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó wo ilẹ̀. "Dókítà ló ní kí n kúrò nídìí ààrò," ló wí. "Èéfín yẹn ti wọ̀ mí láyà. Ìyàwó mi ò mọ̀."

Ọmọbìnrin náà dìde. Ó gba ṣòkòtò, ó ké ọ̀tún, ó ṣẹ́ ẹ létí, ó fi irin gbígbóná lọ̀ ọ́. Ó dì í sínú bébà fún un. "Ẹ máa lọ, sà. Ara yín á le. Àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá bá wa pàdé, ẹ má gbá a le jù."

Wọ́n pàdé lóòótọ́. Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì gbá méjì wọlé. Níbi góòlù àkọ́kọ́, tí gbogbo Àwọn Oníbíríkì ń hó lé e lórí, Àǹtí Téèpù nìkan ló dìde pàtẹ́wọ́. Níbi ìkejì, ó jókòó. "Ọ̀kan tó fún ìfẹ́," ó ní. "Ìkejì ti di ìwọ̀sí."

Ó ti di ìyálé ilé, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, nígbà tí ààrò kú tí ilé iṣẹ́ sì kógbá wọlé. Ẹgbẹ́ tú ká. Síbẹ̀, gbogbo ọ̀sán Sátidé, á de gèlè pupa, á lọ jókòó ní pápá tó ṣófo, ọkọ rẹ̀ tó ń pín lẹ́tà káàkiri ìlú á jókòó tì í. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kọjá, ó ní, "Màmá, ẹgbẹ́ yìí mà ti kú."

"Ta ló sìnkú ẹ̀?" ó bi í. "Èmi ni àgbà ẹbí. Wọn ò sọ fún mi."

Kò pẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn fẹ́ sọ pápá di ibùdó ọkọ̀ ẹrù. Ọ̀gá awọnlẹ̀ gbé èèkàn dé, ó bá obìnrin kan láàárín gbùngbùn pápá, òun àti máṣíìnì ọlọ́wọ́, ó ń rán jẹ́sì pupa.

"Màmá, ẹ dìde. Ìjọba ló rán mi."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n parí nọ́ńbà méje."

Ó padà lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó bá a lórí nọ́ńbà mọ́kànlá. Lọ́sẹ̀ kẹta, àwọn ọmọbìnrin mọ́kànlá tó kó jọ láàárín ìlú ti wọ jẹ́sì náà, àwọn mọ́kànlá mìíràn ń bá wọn gbá a, èrò sì ti kún etí pápá. Ọ̀gá awọnlẹ̀ ní òun á dúró kí eré parí. Kó tó mọ̀, ó ti ń pariwo. Àwọn èèkàn mẹ́rin tó gbé wá gba pápá ni wọ́n rì mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, wọ́n so àsíá mọ́ wọn.

Àǹtí Téèpù kú sójú oorun lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ìsìnkú, àwọn ọmọbìnrin ní eré. Kò sẹ́ni tó rò pé ọkọ rẹ̀ máa wá. Ó wá. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kí ló ń jẹ́ ọfusáìdì gan-an?"

"Háà, Bàbá! Ogójì ọdún lẹ fi ń bá wọn wá síbí!"

"Ogójì ọdún náà ló fi ń ṣàlàyé ẹ̀ fún mi," bàbá arúgbó fèsì. "Ojú ẹ̀ ni mo máa ń wò. N kì í gbọ́ nǹkan kan."

Obìnrin náà ṣàlàyé. Bàbá ń mi orí. Kò yé e. Wọn ò tíì kúrò níbẹ̀ ni ọmọ kan nínú jẹ́sì pupa gbá bọ́ọ̀lù wọlé, rẹfirí sì fọn fèrè pé ọfusáìdì ni, góòlù ò wọlé. Bàbá dìde, ọ̀pá rẹ̀ ṣubú.

"Irọ́ ni!" ló kígbe. "Kò sí ọfusáìdì níbẹ̀! Irọ́ ni!"

Rẹfirí tọ̀nà. Gbogbo ẹni tó wà ní etí pápá ló mọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n bá a kígbe.