Ìrépé Aṣọ Tó Kọjá Bọ́dà

Ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní ẹnubodè Ìdí-Ìrókò nígbà tí ìjọba ológun ti bọ́dà pa. Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi, ló máa ń sọ ìtàn yìí tẹ́lẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀ ju báyìí lọ. Ó ti di olóògbé. Ó wá ku èmi nìkan tó lè sọ ọ́.

Ìlaró la wà nígbà náà. Tíṣà ni mí, ilé Alhaja kan la sì ń gbé. Àbẹ̀kẹ́ ti bí ọmọ méjì fún mi, àwọn méjèèjì kò dúró. Ẹ̀kẹta dé kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ó kéré débi pé ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e. Ọyẹ́ sì tún mú gan-an lọ́dún náà. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ká má ṣe jẹ́ kí òtútù mú un rárá. Níbo la ti fẹ́ rí búláńkẹ́ẹ̀tì? Kútọnu ni wọ́n ti ń kó o wá, bọ́dà sì ti tì. Síwẹ́tà mi la fi ń wé ọmọ.

Àbẹ̀kẹ́ ń fún un lọ́mú, ṣùgbọ́n kò pè é ní nǹkan kan. Mo bi í pé orúkọ wo ló fẹ́. Ó ní kó kọ́kọ́ dúró ná.

Mo wá ní màá rán ìbora fúnra mi. Iléèwé míṣọ́n tí mo lọ kọ́ wa bí a ṣe ń lo abẹ́rẹ́, àtọkùnrin àtobìnrin. Mo gba ìrépé aṣọ lọ́wọ́ télọ̀ kan, mo kó o wálé. Ni Alhaja bá bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, aṣọ tuntun? Kí ló mọ̀ nípa ayé? Aṣọ àgbà la fi ń gba ọmọ. Ẹ lọ bẹ àwọn tó ti pẹ́ láyé kí wọ́n ya díẹ̀ fún yín."

Ó ya etí ìborùn tirẹ̀ fún mi lójú ẹsẹ̀. Bí mo ṣe ń kiri ilé àwọn àgbà nìyẹn, odidi tíṣà tó ń tọrọ àkísà! Bàbá àgbẹ̀ kan ládùúgbò wò mí títí, ó ní ṣé kí òun máa rìn níhòhò lọ sóko nítorí ọmọ mi ni? Kí n tó dáhùn, ó ti ya etí bùbá rẹ̀. Ìyá pásítọ̀ wa ya àdìrẹ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ọwọ́ ni gbogbo wọn fi ya á, oníkálukú sì ń ṣàdúrà sí tirẹ̀ kó tó fún mi.

Àbẹ̀kẹ́ ń tò wọ́n, èmi ń rán wọn. Ṣùgbọ́n ó fi àárín sílẹ̀. Ó ní ti ìyá òun ló máa wà níbẹ̀, òun kò sì ní da aṣọ náà bo ọmọ, òun kò ní sọ ọ́ lórúkọ, àfi bó bá pé. Àwọn ará ilé mi ń kùn, torí ọjọ́ ìkómọ ti ń sún mọ́. Ìgọ̀lọ̀ sì ni ìyá rẹ̀ ń gbé, ní òdìkejì bọ́dà.

Mo ránṣẹ́ sí Màmá pé ọ̀nà igbó wà, àwọn èèyàn ń gba ibẹ̀. Ó ránṣẹ́ padà pé òun kì í ṣe onífàyàwọ́. Òun kò ní fi àyà wọ́lẹ̀ lọ bá ọmọ ọmọ òun. Kí n wá pàdé òun nídìí irin bọ́dà, ní gbangba.

Mo lọ. Màmá wà lọ́hùn-ún, èmi wà níbí, irin wà láàárín wa. Àwọn dẹ́rẹ́bà tí ọkọ̀ wọn ti há síbẹ̀ jókòó síbòòji. Ọ̀gá aṣọ́bodè kan, ará Òkè Ọya tí Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́nu, ní aṣọ kankan kò gbọdọ̀ kọjá, òfin ni.

"Aṣọ wo?" ni Màmá wí. "Èyí tí mo ró yìí? Ṣé kí n tú u kí o yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Màmá, jọ̀ọ́, má tú o," ni ọ̀gá náà wí.

"Ọ̀gá, ẹ sá o," ni dẹ́rẹ́bà kan wí. "Ìyá yìí á tú u."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Màmá di etí ìró rẹ̀ mú, ó fà á ya. Ó ṣàlàyé fún ọ̀gá náà pé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ló ni ín, àti pé ẹ̀gbọ́n méjì ló ti lọ ṣáájú rẹ̀.  Ọ̀gá náà na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ìrépé náà. Mo rò pé ó ti parí. Màmá kò gbà.

"Dúró ná. Ohun tó bá gba ọwọ́ rẹ kọjá, ẹnu rẹ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ṣàdúrà sí i."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Ó ṣàdúrà ní èdè tirẹ̀, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Màmá náà kò gbọ́. Ṣùgbọ́n bó ti dánu dúró, Àmín ló gba ibẹ̀ kan, láti ẹnu àwọn dẹ́rẹ́bà, láti ẹnu àwọn oníṣòwò, láti ìhà tiwa àti ìhà tiwọn, títí kan àwọn tó ti ń bú u láti àárọ̀. N kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kankan rí. Ta ló lè ti bọ́dà mọ́ irú Àmín bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí mo délé, Àbẹ̀kẹ́ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ti ìyá rẹ̀ mọ́ àárín, bí mo ti ń ròyìn fún un. Nígbà tí mo sọ ti àdúrà náà, òun náà rọra ṣe Àmín. Ó da ìbora náà bo ọmọ, ó sì pè é fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Àdúràgbèmí."

Ọmọ náà dúró. Ó ti di ìyá ọmọ báyìí. Òun ló di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú lọ́jọ́ tó ń lọ.

Mo kàwé díẹ̀, mo sì jẹ́ ẹni tó máa ń fẹ́ kí nǹkan yé òun kó tó gbà á. Láti ọjọ́ Ìdí-Ìrókò ni mo ti kọ́ láti ṣe Àmín sí àdúrà tí n kò gbọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Àjèjì wo ló ti dúró tì yín rí, tí ẹ kò tún rí i mọ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Mo ní àyè tó pọ̀ láti kà á nísinsìnyí.