Ẹ Ṣí Fèrèsé

Ní Máfolúkù tiwa, bí bàálù bá ń bọ̀ wá balẹ̀, gbogbo wa la máa ń panu mọ́. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ariwo rẹ̀ ni kì í jẹ́ ká gbọ́ra. Èèyàn á dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín, á máa wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Bàálù á kọjá, ọ̀rọ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Ó ti mọ́ wa lára débi pé bí mo bá lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Òkóta, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ láìsinmi, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọn ò mí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí bàálù ò lè dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹnu rẹ̀ á pa mọ́ bíi tiwa, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ á máa báṣẹ́ lọ. Àǹtí Kíkẹ́lọmọ nìyẹn, Ìyá Tẹ́ní, onídìrí. Èkìtì ló ti wá sí Èkó nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé girama, èmi Tẹjú tí mo wá di tíṣà, tí mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Kò bá mi tan rárá, àdúgbò àti ìjọ ló pa wá pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni mo mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ ò mọ bí Sátidé ṣe máa ń rí láyé ìgbà yẹn. Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ìdí àwa ọmọbìnrin àdúgbò ti nù títí tó fi ń dán. A ó jókòó tò, oníkálukú pẹ̀lú òòyà tirẹ̀, a ó máa retí kí ó kàn wá. Bó bá kàn ọ́, o máa jókòó sórí àpótí láàárín orúnkún rẹ̀, o máa gbọ́ òórùn àdí àgbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ lo fẹ́ ni, kòlẹ́sẹ̀ ni, ṣùkú ni, irun òwú ni, kò sí èyí tí kò mọ̀. Ìlà tó bá fi òòyà yà sí ọ lórí, bíi pé rúlà ló fi fà á.

“Tẹjú, má mi orí o,” ló máa ń wí. “Bí ìlà yìí bá wọ́, wọn ò ní bú ọ. Èmi ni wọ́n máa bú. Wọ́n á ní, ta ló di irun rádaràda yìí?”

Jẹjẹrẹ ọmú ló wá bá a lẹ́yìn tó ti di ìyá àgbà. A gbàdúrà, ó sì lọ sí ilé ìwòsàn. Méjèèjì la ṣe, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀. Wọ́n gé ọmú kan, wọ́n fa oògùn sí i lára, irun orí òun onídìrí re tán pátápátá. Màmá Adébánjọ, ìyá àdúrà ìjọ wa, ń gba ààwẹ̀ nítorí rẹ̀, ó sì tún ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Lọ́jọ́ tí dókítà ní àwọn ò rí nǹkan kan mọ́, a jó nínú ìjọ títí ẹsẹ̀ fi ń dùn wá.

Ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní hóró oògùn kan tí yóò máa lò lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún, kí àìsàn náà má bàa padà. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwa tá a jó ijó ọpẹ́ pé ẹni tí a dúpẹ́ lé lórí ṣì lè máa jìyà. Lójijì ni ooru máa gbéra láti àyà rẹ̀, á gun ọrùn, á bo ojú, òógùn á sì bo gbogbo ara rẹ̀. Láàárọ̀, ìka rẹ̀ kì í ká. Orúnkún rẹ̀ a máa ké bí ilẹ̀kùn. Irun rẹ̀ padà wá, ṣùgbọ́n ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí irun àgbàdo.

“Ọlọ́dẹ ni hóró yìí,” ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan. “Ó ń lé olè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ń na onílé mọ́ ọn.”

Fàósátù, tó ń ta omi dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ló mọ̀ ọ́n tọ́jú jù. Bó bá ti rí i tó ń fi aṣọ fẹ́ra, á ju píọ wọ́tà kan sí i, Àǹtí á fi lé ẹ̀yìn ọrùn.

“Ìyá Tẹ́ní, gbogbo èèyàn ń fẹnu mu omi mi, ẹ̀yin ń fọrùn mu ún.”

“Ṣé o fẹ́ kí n gbiná níbí ni?”

“Ẹ má gbiná o. Ṣọ́ọ̀bù mi ló sún mọ́ yín jù.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ń wo ọwọ́ Àǹtí. Ó máa mú irun, ó máa dúró, á na ìka, á tún mú un. Bàálù kankan ò sì kọjá.

Sunday kan ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí dojú rú. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa, bàtà kì í wọ inú rẹ̀. Nítorí ariwo bàálù, a máa ń ti gbogbo fèrèsé pa bí àdúrà bá wọra. Kò síná lọ́jọ́ náà, fáànù ò yí, gbogbo wa sì wà nínú sùtánà. Ibi tí àdúrà ti gbóná janjan ni ooru ti mú Àǹtí Kíkẹ́lọmọ. Ó ń mì tìtì, ó já fìlà orí rẹ̀ jù sílẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì pariwo:

“Ẹ ṣí fèrèsé! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ṣí fèrèsé!”

Màmá Adébánjọ na ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Ẹ̀mí ti gbé e! Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Fèrèsé ọ̀run ni! Fèrèsé ọ̀run ti ṣí fún wa!”

Ààà! Ariwo sọ, Bàbá Aaron, alágogo ìjọ wa, fi agogo dáhùn, ijó bẹ̀rẹ̀. Èmi náà jó. Gbogbo ìjọ ń jó lábẹ́ fèrèsé ọ̀run, kò sì sẹ́ni tó rántí ṣí ti ilé. Ìgbà tí mo yíjú ni mo rí Àǹtí tó fara ti ògiri, tó ń fi ìwé orin fẹ́ra, tó ń wò wá bí ẹni tó wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ọkọ̀ náà sì ti gbéra.

Láti ọjọ́ náà ló ti di Ìyá Aríran. Àwọn tó ń wá ọmọ ń kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò mọ ohun tó máa ṣe, ó kàn ń ṣe àmín. Màmá Adébánjọ wá pè é sápá kan. Ó ní ẹni tí Ẹ̀mí ń gbé kò tún gbọ́dọ̀ máa gbé oògùn òyìnbó mì, àfi bó bá ń sọ fún Ọlọ́run pé iṣẹ́ Rẹ̀ kò pé. Ó ní kó gbé ìyókù hóró náà wá síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìkórè, kó fi ṣe ẹ̀rí.

Mi ò mọ̀ nípa rẹ̀ títí mo fi yà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo bá a tó ń dirun. Ọwọ́ rẹ̀ ń yá.

“Tẹjú, wá wo ìka mi.” Ó ká wọn, ó na wọn. “Mi ò lò ó mọ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Wò ó, ọwọ́ mi ń padà bọ̀.”

Inú mi dùn, àyà mi sì já, lẹ́ẹ̀kan náà.

“Àǹtí, bí nǹkan yẹn bá padà ńkọ́?”

“Bí kò bá padà ńkọ́? Ṣé ìwọ ò jó lọ́jọ́ yẹn ni?”

“Mo jó.”

“O ò gbà pé Ẹ̀mí ni?”

Bàálù dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàálù. A ń wo ara wa, ó ń dirun lọ bíi tàtijọ́. Nígbà tó kọjá, ó ṣì ń retí ìdáhùn mi.

“Kí lẹ̀yin fúnra yín gbà?” ni mo bi í.

Ó tẹjú mọ́ orí ọmọ tó ń dì. “Ooru ló mú mi,” ó wí jẹ́jẹ́. “Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Tẹjú, ọwọ́ yìí ni mo ní. Òun ni mo fi tọ́ Tẹ́ní. Bí mi ò bá lè dirun, kí ni mo wá kù fún?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Mo gbà pé Ọlọ́run ń woni sàn. Mo ti rí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ooru hóró ló gbé Àǹtí tí gbogbo wa fi ń pe Ẹ̀mí, kí ló gbé èmi lọ́dún tí bàbá mi kú, tí mo ṣubú nínú ìjọ, tí mo dìde pẹ̀lú ìtura tí mi ò tíì ní irú rẹ̀ rí? Orí ìtura yẹn ni mo fi ayé mi lé. Mo bi Ọlọ́run léèrè. Kò dá mi lóhùn, tàbí kẹ̀, bàálù ló ń kọjá.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò fẹ́ sin Àǹtí Kíkẹ́lọmọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a lọ rí dókítà, kó kàn sọ ohun tí ìka rẹ̀ ń ṣe, bó bá yá kó ṣe bó ṣe fẹ́. Ó bá mi lọ pẹ̀lú ìkùnsínú.

Ọmọdébìnrin ni dókítà ọ̀hún, Nafeesah lorúkọ rẹ̀, ó fi híjáàbù borí. “Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín déédéé?”

“Mò ń lò ó,” ni Àǹtí wí. Mo wúkọ́. Ó wò mí ní àwòmọ́jú. “Rárá o. Mo ti dá a dúró.”

Dókítà ò bínú. “Ìka ni àbí ooru?”

Àǹtí wò ó bí ẹni tí wọ́n forúkọ oríkì pè. “Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Nítorí ìka yìí ni ọ̀pọ̀ ṣe ń sá fún un. Ó dùn wọ́n, ojú ń tì wọ́n láti sọ, wọ́n á kàn dákẹ́, wọ́n á dá a dúró. Ẹ má dákẹ́ fún wa mọ́, Màmá. Mo lè fi irú rẹ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀, ká wò bóyá ìyẹn á tù yín lára. Ẹ máa rìn láràárọ̀. Ẹ máa ki ọwọ́ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ máa lọ. Ṣùgbọ́n kò ní le tó bó ṣe le yìí.”

Nígbà tí a ń padà, Àǹtí ń ká ìka rẹ̀, ó ń nà án, títí a fi dé Máfolúkù. Ó wá ní, “Màmá Adébánjọ gba ààwẹ̀ nítorí mi, Tẹjú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kò ó lójú?”

Ọjọ́ Ìkórè pé. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn kún iwájú pẹpẹ. Fèrèsé wà ní títì. Wọ́n pe Ìyá Aríran kó wá jẹ́rìí. Ó gbé páálí oògùn rẹ̀ dání, mo sì ń gbàdúrà, mi ò kàn mọ èyí tí mò ń gbà ni.

“Ẹ̀yin ará, ọjọ́ tí mo ní kí ẹ ṣí fèrèsé,” ó bẹ̀rẹ̀, ó sì nawọ́ sí ògiri, “fèrèsé yìí ni mò ń wí. Ooru ló mú mi.”

Bàálù dé.

N ò tíì rí bàálù tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ìjọ panu mọ́, ojú Màmá Adébánjọ kò kúrò lára rẹ̀. Àǹtí dúró pẹ̀lú páálí lọ́wọ́.

Ó kọjá. “Oògùn yìí ló ń fa ooru náà. Mo dá a dúró, ṣùgbọ́n dókítà ti fi irú rẹ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mo máa lò ó tán. Àdúrà yín ló jẹ́ kí n yè tí mo fi ń rí i lò. Mi ò lè fi irọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

“Ìyá Tẹ́ní,” ni Màmá Adébánjọ wí. Ohùn rẹ̀ le. “Ẹ̀mí ò gbé ọ nìyẹn?”

“Màmá, mi ò mọ̀. Ooru ni mo mọ̀.”

Ni Bàbá Aaron bá gbé agogo kalẹ̀, ó rìn lọ síbi fèrèsé, ó fọwọ́ tì í síta. Ó le. Ó tún tì í, fèrèsé ké bí adìẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí. Atẹ́gùn wọlé. Màmá Adébánjọ fa ọrùn sùtánà rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí àyà.

“Ẹ ṣí èkejì náà,” ó wí. “Ooru ń mú èmi gan-an láti àná.”

Ẹ̀rín ṣẹ́ láti ẹ̀yìn, ó gba gbogbo ilé. Kò sẹ́ni tó tún pe Àǹtí ní Ìyá Aríran. Ìyá Onífèrèsé ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Mi ò tíì rí ìdáhùn sí ìbéèrè mi. Mo ṣì ń lọ sí ìjọ, mo ṣì ń bi Ọlọ́run. Ní Sátidé tó kọjá, mo tún jókòó sórí àpótí láàárín orúnkún Àǹtí. Abọ́ omi gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó nù ún, ó mú òòyà. Òórùn àdí àgbọn náà kò yí padà. Ó ń dì, ó ń sinmi, ó ń dì. Kòlẹ́sẹ̀ tí kì í pẹ́ láyé ọjọ́un gbà wá títí di àṣálẹ́.

“Tẹjú, ìlà àárín yìí mà wọ́ o. Ṣé kí n tú u?”

“Ẹ fi sílẹ̀.”

“Wọ́n á bú mi.”

Bàálù kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ sinmi sí orí mi, ó sì gbóná. Nígbà tí ariwo náà lọ tán, mo ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi mí pé ta ló dì í. Mo fẹ́ dárúkọ yín.”