Èèpo Àlùbọ́sà àti Ìborùn Alhaja

Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí ọtí. Ọtí tí mi ò mu o! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Nígbà yẹn, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀ ni, ọ̀kadà ṣì ń rìn fàlàlà láàárín ìlú Àbújá. Kuje ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi, Alhaja, ọmọ Ìlọrin tó ń ta àlùbọ́sà lọ́jà. Kẹ́místírì ni mò ń kà ní yunifásítì, pírójẹ́ẹ̀tì nìkan ló sì kù kí n gboyè.

Pírójẹ́ẹ̀tì wo? Èèpo àlùbọ́sà! Àwọ̀ kan wà nínú èèpo gbígbẹ yẹn tó ṣeé fi rẹ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ńṣe ni wọ́n ń dáná sun ún lẹ́yìn ìsọ̀ Alhaja. Ọ̀gá mi, olùkọ́ tó ń bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì náà, ní kí n yọ àwọ̀ náà jáde, ṣùgbọ́n kí n má lo kẹ́míkà olóró kankan. Ó ní ohun tí kò ní pa èèyàn lára, tí kò sì ní ba ilẹ̀ jẹ́, ni kí n wá. Ètánọ́ọ̀lù ni mo mú. Ìyẹn, ọtí paraku.

Iná ò sí ní láàbù, jẹnẹrétọ̀ ti kú, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò bá parí kí oṣù yẹn tó tán, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kí ni n bá ṣe? Mo gbé iṣẹ́ wálé. Mo rẹ èèpo sínú ìgò ọtí, mo gbé e sí kọ̀rọ̀ kíṣìnnì.

Àfi bí Alhaja ṣe ṣí ìgò, tó gbóòórùn rẹ̀. "Kai! Kí lèyí?"

"Ọtí ni, Alhaja. Iṣẹ́ ìwé mi ni. Mi ò mu ún, mà."

"Mo mọ̀ pé o ò mu ún. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti Mẹ́kà dé, ọtí ò wọ ilé mi rí. Gbé e jáde kí wọ́n tó pe ìrun."

Kò tiẹ̀ pariwo. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ìgò mi, mo sunkún bí ọmọdé. Mo tilẹ̀ ń rò ó pé kí n kẹ́rù lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní Lugbe.

Nírọ̀lẹ́, Alhaja ní kí n wá bá òun wo ẹ̀wà lórí iná. Mo ju kánún sí i kó lè tètè rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí kánún bá ti débẹ̀, omi ẹ̀wà á ṣú. Mo dúró, mo ń wo omi yẹn. Bí kánún bá lè fa èyí jáde lára ẹ̀wà, kí ló dé tí kò ní fa ti èèpo àlùbọ́sà?

Mo sáré lọ bá Alhaja. Mo ní omi gbígbóná àti kánún nìkan ni o, kò sọ́tí ńbẹ̀! Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní ìkòkò rẹ̀ kan, ó sì jókòó bá mi ṣa èèpo.

Ẹ wá wo omi pupa! Ó ki ju ti inú ìgò lọ. Mo sẹ́ ẹ, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, àwọ̀ náà sì tòrò sísàlẹ̀ bí ògì. Nígbà tí ọ̀gá mi gbọ́ ìdí tí mo fi pa ọtí tì, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaja. Mo gboyè lọ́dún yẹn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run!

Ìborùn funfun kan ni mo kọ́kọ́ fi aró yẹn rẹ. Ó mú àwọ̀ bí oyin. Mo gbé e fún Alhaja tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù. Ó gbé e sí imú (ẹ ò mọ Alhaja ni!), ó gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, ó wá fi borí, ó sì bọ́ sórí ẹní ìkírun. Lẹ́yìn ìrun, mo gbọ́ orúkọ mi nínú àdúà rẹ̀. Ká ní ọtí ni mo fi ṣe é, ṣé ìborùn yẹn ì bá dé orí rẹ̀?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó dínà kan mọ́ wa lè má kórìíra wa. Ọtí ni Alhaja lé jáde, kò lé mi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló dínà nǹkan mọ́ yín rí, tó wá padà jẹ́ oore? Ẹ sọ tiyín, ká jọ dúpẹ́.