Igi Gẹdú Tó Gba Oko Kòkó Ìyá Dérìn

Kí wọ́n tó yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ ní Inísà, tí mo tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ a máa sọ pé ńṣe la bá àwọn tó fẹ́ dá igbó sí jà. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀: àwọn bàbá wa ti ń dá igbó sí kí ẹnikẹ́ni tó wá kọ́ wa. Oko la jà fún.

Ilé-iṣẹ́ kan ló wá sí igbó tó wà láàárín Òkúkù àti Ìbà. Wọ́n ní àwọn òyìnbó yóò máa wá wo ọ̀bọ àti ẹyẹ níbẹ̀. Wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n lè gbin gẹdú sí etí oko wa. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a yá ní ilẹ̀ lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin obì tàbí kòkó, torí ẹni tó bá gbìn wọ́n ti fẹ́ gba ilẹ̀ nìyẹn. Bàbá Làmídì, alága wa, kàn rẹ́rìn-ín.

"Igi tí kò so, kí ni yóò fi gba ilẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìn ín."

A tilẹ̀ bá wọn gbẹ́lẹ̀.

Nígbà tí gẹdú ga ju ènìyàn lọ, wọ́n ní ibi tí igi àwọn dé ni ààlà àwọn dé. Oko kòkó tí ọkọ Ìyá Dérìn kú fi sílẹ̀ bọ́ sínú ààlà náà. Oko yẹn nìkan ni opó yìí fi ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ agégi wá, èrò ti kún oko láti Ìkìrun àti Inísà. Ìyá Dérìn dì mọ́ igi kòkó kan.

"Ìyá, ẹ kúrò níbẹ̀!" Olórí ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ náà ló ń pariwo.

"Ṣé ìwọ lo bá ọkọ mi gbìn ín? Gé èmi náà mọ́ ọn, ọmọkọ́mọ!"

Olórí ẹ̀ṣọ́ náà fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu. Eyín rẹ̀ méjì dà sílẹ̀. Bàbá Làmídì fò mọ́ ọkùnrin náà: "Ìyá ẹ lo lù yẹn o!" Ìbọn dún. Àyà ló ti bá bàbá, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Mo ń ké pé, "Ẹ ṣe sùúrù!" Ta ní ń gbọ́? Àwọn èrò ṣá ẹ̀ṣọ́ náà ládàá títí ó fi kú. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Wọ́n sáré lọ tiná bọ ilé àlejò tí ilé-iṣẹ́ náà fi koríko bò. Alásè wà nínú rẹ̀, ọmọbìnrin Òkúkù tó ń wá oúnjẹ òòjọ́. Kò rí ọ̀nà jáde.

Ilé-iṣẹ́ náà kó lọ. A hú gẹdú wọn, oko sì padà sọ́wọ́ opó. Bí ẹ bá pè é ní ìṣẹ́gun, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé ẹnikẹ́ni nínú ilé-iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ lórí ikú Bàbá Làmídì, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ ilé tó jó.

Lẹ́yìn ìkórè, Ìyá Dérìn ní kí n sin òun lọ bẹ ìyá alásè náà. A kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá náà ṣí ilẹ̀kùn.

"Oko yín ńkọ́?"

"Ó wà, ìyá."

"Ọmọ tèmi kò sí."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn.