Èmi Ni Mo Ń Di Àtùpà Mú

Ní àárọ̀ Sátidé tí a lò kẹ́yìn pọ̀, ìyàwó mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń nu ìgò àtùpà. Ó ya ìwé ìròyìn àtijọ́ sí méjì, ó rún un mọ́wọ́, ó mí hàà sínú ìgò náà, ó sì ń yí ìwé nínú rẹ̀ títí èéfín fi kúrò. Mo ní kó gbé e fún mi, nítorí dókítà ti sọ pé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kankan títí di ọjọ́ Ajé. Kò gbójú sókè.

"Tíṣà, ọwọ́ yín yìí? Ìgò mẹ́ta ni ẹ ti fọ́ fún mi. Ẹ lọ máàkì ìwé àwọn ọmọ yín."

Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ mi tóbi, kò sì ní sùúrù. Ọwọ́ tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, aró kì í sì í tán ní èékánná rẹ̀, nítorí ìdílé aláró ni wọ́n ti bí i, òun náà sì ń rẹ àdìrẹ, ó ń tà á ní ọjà Ìtòkú, kí àrùn ọkàn tó dá a jókòó sílé. Èmi ń kọ́ni ní jọ́gíráfì ní ilé-ìwé girama kan. Aláró ni mo máa ń pè é. Tíṣà ni òun ń pè mí. A kò bímọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀rọ géèmù kan ránṣẹ́ sí i. Àpótí dúdú kékeré kan ni, tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú ọ̀pá ìdarí méjì. Ilé tó ní irú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta kò tíì pọ̀ nígbà náà. Eré ọmọdé ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ti ní kí Aláró má gun òkè mọ́, ní ìlú wa yìí, níbi tí èèyàn kò lè lọ ra iyọ̀ láìgun òkè. Ilé ló kù fún un, òun àti ẹ̀rọ náà.

Nínú gbogbo eré tó wà níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló wù ú: ilé òkùnkùn kan tó ní yàrá mẹ́sàn-án. Ẹni méjì ní í ṣe é. Ẹni kìíní ń rìn, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ láti yàrá kan dé èkejì. Ẹni kejì ń di àtùpà mú. Bí ẹni kejì bá ti gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì, àtùpà á kú, ojú tẹlifíṣọ̀n á di dúdú, ohun tó ń gbé inú ilé náà á sì jáde. A kì í rí i tán. Ojú méjì ni, àti ìró ẹsẹ̀, pò, pò, pò, tí ń yára bó ṣe ń sún mọ́ni. Tó bá ti mú yín, ẹ ó padà sí yàrá àkọ́kọ́.

Aláró ló ń rìn. Èmi ni mo ń di àtùpà mú.

Ẹni tó bá mọ àwọn eré tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ṣe lè fi wá rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń rìn nínú ilé wa kò ju onígun mẹ́rin funfun kan lọ, bí hóró ṣúgà. Síbẹ̀, nínú pálọ̀ tí a ti fa kọ́tìnì rẹ̀ dé lọ́sàn-án gangan, ó tó. Mi ò gbàgbé ìgbà àkọ́kọ́ tí a dé yàrá kẹta. A mú kọ́kọ́rọ́, a yíjú padà, ilẹ̀kùn tí a gbà wọlé kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tó ń lé wa. Ògiri lásán ni. Òógùn bò mí.

Yàrá kẹfà ló burú jù. Ìró ẹsẹ̀ náà ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó sì dákẹ́ lójijì. A dúró. Aláró ní, "Ó ti lọ." Kò tíì pa ẹnu dé tí ojú méjì là ní ẹ̀gbẹ́ hóró ṣúgà wa gan-an, tí nǹkan sì han gooro láti inú tẹlifíṣọ̀n. Mo ju ọ̀pá ìdarí nù. Aláró figbe ta. Kí a tó mọ̀, Àlàájà tó ń gbé yàrá tó kángun sí tiwa ti dé, ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé? Olè ni?"

"Ẹ má bínú, mà," ni Aláró wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ di àyà mú. "Iwin ni. Inú tẹlifíṣọ̀n ló wà, ó ń lé wa láti yàrá dé yàrá."

Àlàájà wo tẹlifíṣọ̀n. Ó wo èmi náà nílẹ̀, níbi tí mo ti ń wá ọ̀pá ìdarí lábẹ́ àga.

"Ẹ jókòó sílé yín jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ wá lọ gbé iwin wọlé. Tíṣà ló ń gbọ̀n báyìí? Tíṣà tó ń na ọmọ ọlọ́mọ?"

"Àwọn ni wọ́n di àtùpà mú, mà. Wọ́n jù ú nù, wọ́n fi mí sílẹ̀."

"Ọkùnrin! Wọn ò ṣeé bá wọ òkùnkùn." Ó gbé ọmọ odó sílẹ̀, ó ronú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Tí iwin bá ń lé èmi, ìta ni mo máa sá gbà. Kí ló dé tí ẹ̀yin ń sá wọ yàrá lọ?"

Mo rí ọ̀pá ìdarí lábẹ́ àga, mo fà á jáde.

Aláró ní ìwà kan nínú eré náà tí mo máa ń bá a fà. Ní ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan, kó tó wọlé, á dúró díẹ̀, á ní, "Ẹ kú ilé o."

"Ta lò ń kí?" ni mo bi í.

"Onílé ni. Èèyàn kì í wọlé onílé láìkí i. Bóyá ohun tó ń bí i nínú nìyẹn."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Dókítà ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tí Aláró ń wọ bàtà, dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n má gbọ́kàn lé iṣẹ́ abẹ náà jù. Mi ò sọ fún Aláró. Kò sì bi mí.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí a ṣe ń jẹun, ó ní, "Tíṣà, kí n tó lọ, mo fẹ́ rí inú yàrá kẹsàn-án. Mi ò bẹ̀ yín ní nǹkan mìíràn. Ẹ ò ní jẹ́ kí àtùpà kú?"

Mo ní mi ò ní jẹ́ kó kú.

Nítorí náà, ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn tó gbé àtùpà tó nù síbi tí ó máa ń wà, a fa kọ́tìnì, a jókòó sórí àga wa méjèèjì. Mo tẹ bọ́tìnnì náà débi tí àtàǹpàkò mi fi kú tipiri. A kọjá yàrá kẹta. A kọjá ìkẹfà, mi ò sì di ojú mi. A kò dé ìkẹjọ rí, ṣùgbọ́n a kọjá rẹ̀. Aláró ń mí sókè sódò. Ìró ẹsẹ̀ wà lẹ́yìn wa, kò sì jìnnà. Aláró dé ẹnu ọ̀nà yàrá kẹsàn-án, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ kú ilé o."

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà tiwa, a gbọ́ ohùn Àlàájà: "Ẹ kú ilé o!"

Wọ́n tọ́ mi dáadáa. Láti kékeré ni wọ́n ti nà án sí mi lára pé àgbà kì í kíni kí èèyàn jókòó máa wò. Mo ti ní "Ẹ káàbọ̀, mà," mo ti dìde, mo ti ń tẹ̀ ba láti dọ̀bálẹ̀, kí n tó rántí ìka mi. Ojú tẹlifíṣọ̀n ti dúdú. Pò, pò, pò. Lẹ́yìn náà ni ojú méjì yẹn là.

Aláró kò figbe ta lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé ọ̀pá ìdarí lé itan.

"Tíṣà," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ẹ lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn."

"A ó tún un ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́la."

Àlàájà gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Ó jókòó, ó gbàdúrà ìrìn àjò fún un, ó sọ ìtàn ọ̀nà Mẹ́kà fún wa títí ilẹ̀ fi ṣú. A kì í lé àgbà. Ó rẹ Aláró, ó sì tètè lọ sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo pè é, kò dáhùn. Mùsùlùmí ni àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n ti sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ní ilẹ̀ wa, wọn kì í fi ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sílẹ̀ ní òun nìkan kí ogójì ọjọ́ tó pé. Wọ́n ní olóògbé lè wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Wásinmi, ó tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, ó ń dínà mọ́ Aláró. Mo kàwé, mi ò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Síbẹ̀, mo ń tẹ́tí. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti sùn, mo máa ń gbọ́ ìmí rẹ̀, mo máa ń gbọ́ aago ara ògiri. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ kankan.

Àbúrò Aláró wá fún àdúrà ogójì ọjọ́. Mo ti di ẹ̀rọ náà sínú páálí rẹ̀ dè é.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ parí ilé yẹn?" ló bi mí.

"Rárá. Ìwọ ńkọ́? Kí ló wà ní yàrá kẹsàn-án?"

"Èmi ò kọjá ìkarùn-ún rí."

Ó gbé e lọ. Mi ò ní kó fi sílẹ̀. Ẹni méjì ní í ṣe é. Títí di òní, mi ò tíì pàdé ẹni tó mọ ohun tó wà nínú yàrá náà.

Ẹ̀gbọ́n mi padà sí Wásinmi ní ọjọ́ kejì. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Nígbà tí mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́, iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà pálọ̀, òkùnkùn wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ilé o."

Mo dúró pẹ́. Nínú eré yẹn, bí ó ti wù kí òkùnkùn ṣú tó, nǹkan kan ń bọ̀. Nínú pálọ̀ mi, kò sí ohun tó ń bọ̀. Irú ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀, kò tíì bà mí bẹ́ẹ̀ rí, kò sì tíì lọ.

Mo táràrà wá àtùpà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń tan án fún ogójì ọjọ́ láìnù ún, ìgò rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì kù. Mo ya ìwé ìròyìn sí méjì, mo rún un. Ọwọ́ mi kò wọ inú ìgò náà. Mo lọ mú ṣíbí, mo fi ìwé wé ìdí rẹ̀, mo mí hàà sínú ìgò, mo sì ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́. Mo gé orí òwú tó ti jóná, mo rọ epo kẹrosíìnì sí i, mo ṣá ìṣáná, mo sì dé ìgò náà padà lé e. Kò fọ́. Mo gbé àtùpà wọlé, mo gbé e sórí tábìlì, mo sì rí àga méjèèjì.