Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọkọ Mi

Láàárín àwọn ọdún 1990, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi ṣàdédé kún. Télọ̀ ni nílùú Bàǹtẹ̀, ọkùnrin gígùn tínínrín tí wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sanra jù ú lọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ wá yí roboto, gbogbo obìnrin ọjà ló ń kí mi: "Ìyàwó télọ̀, o kú ìtọ́jú ọkọ o!" Orí mi wú. Mo tún fi kún wàgáṣì, wàrà àwọn Fúlàní tí mo ń dín sínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ ṣáá. A wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn ní Sávàlú, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó fẹnu kan nǹkan. Dókítà gbé ìgò kékeré náà sókè hàn wá. Ẹ̀jẹ̀ pupa ti silẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò, omi tó wà lórí rẹ̀ funfun bí omi ògì.

"Ọ̀rá ló pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yìí," ó wí. "Bó bá ń pọ̀ sí i, ó lè ṣe é ní jàǹbá. Ẹ dín òróró kù. Ṣé ó ń lo oògùn kankan?"

Ọkọ mi ní rárá.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi gbé ìkòkò tirẹ̀ dé láti Bobè. "Ìyàwó, kúrò nídìí ààrò. O fẹ́ fi òróró pa àbúrò mi." Mo sunkún, n kò ní purọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bóyá òótọ́ ló sọ. Oṣù kan gbáko ló fi se ọbẹ̀ tí kò rí òróró rí, tí ọkọ mi ń wo abọ́ bí ọmọdé tó ń wo àgbo.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la padà lọ. Omi orí ẹ̀jẹ̀ náà ṣì funfun, ó tún ki ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń ka oúnjẹ tó ń sè fún un, ó ń búra. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí!

Dókítà tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi wò. "Kí lo ń gbé mì tí kì í ṣe oúnjẹ?"

Ni mo bá rántí dúrọ́ọ̀ máṣíìnì rẹ̀. "Dókítà, hóró funfun kan wà láàárín àwọn bọ́tìnì. Àràárọ̀ ló ń lò ó, nítorí orúnkún tó ń dùn ún bó ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì."

"Ìyẹn kì í ṣe oògùn," ọkọ mi fèsì. "Ohun tí mo fi ń ránṣọ nìyẹn."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí a mú hóró náà wá, ó ní oògùn ìrora tó lágbára ni, èyí tí ọkọ mi ń rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn lọ́jà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn náà ló ń kó ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló sì wú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dókítà kò jẹ́ kí ọkọ mi dá a dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dín in kù fún un.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, omi orí ẹ̀jẹ̀ mọ́ gaara. Mo jó lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dì mọ́ mi, ó ní, "Ìyàwó, má bínú," ó sì gbé ìkòkò rẹ̀ padà sí Bobè.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi ti joro. Àwọn obìnrin ọjà tún dé: "Ìyàwó télọ̀, ṣé o ò fún ọkọ rẹ lóúnjẹ mọ́ ni?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó lọ yẹn, ti oògùn ni," mo dá wọn lóhùn. "Èyí tó ṣẹ́kù yìí ni tèmi."